Ọ̀kadà àbúrò mi jẹ ríìǹgì mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin

Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, oṣù kọkànlá ọdún 2023, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìsẹ́yìn, àbúrò mi ń gun ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ wálé. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ti rí i pé èéfín tó ń tú jáde ní sàláńsà rẹ̀ yàtọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ti ṣá. Ó pa á, ó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń jẹ ọ́ìlì o." Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń da ọ́ìlì kún un, kò kàn fẹ́ kí n gbọ́ ni.

Ọ̀kadà yìí ló ń bọ́ ilé kan. Ọdún 2021 ni mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ láti fi rà á fún un ní tuntun: Boxer ọgọ́rùn-ún, èyí tí ilé iṣẹ́ Bajaj ń ṣe ní India, tó kún gbogbo ìgboro wa. Ó ń fi gbé èrò àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Adó-Àwáyè, ó sì ń dá owó náà padà fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Bí ọ̀kadà bá dúró lọ́jọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ kan ló dúró yẹn.

Mo fẹ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú iye tí a ná, torí pé ibi gbogbo tí àwọn ọlọ́kadà bá ti dúró, àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n ń ṣe: ṣé kéèyàn ra oríjínà tó gbówó lórí ni, àbí kó ra èyí tí wọ́n ń pè ní China? Àwa náà ṣe àríyànjiyàn yẹn títí ó fi sú wa. Ibi tí a ti ń ṣe é la ò ti rí ohun tó ń pa wá.

Baba tó ń bá wa tún ọ̀kadà ṣe kì í tú ẹ́ńjìnì láìwádìí. Ó ní kí àbúrò mi ta á, kó máa fún un níná díẹ̀díẹ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn sàláńsà. Ó ṣàlàyé fún mi pé bó bá jẹ́ ìgbà téèyàn dẹwọ́ iná, tó wá tún fún un níná, ni èéfín tú bọ́ọ̀, róbà fáàfù, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara fáàfù wọ ibi tí epo ti ń jó, ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bí iná ṣe ń pọ̀ sí i ni èéfín ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ríìǹgì ni, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnì ká, tó ń dí àlàfo láàárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Tiwa ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀ kò tíì gbà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi àtàńpàkò dí ihò rẹ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ta kíìkì. Atẹ́gùn tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára. Ó wá da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ihò náà, wọ́n tún ta kíìkì. Lọ́tẹ̀ yìí, atẹ́gùn gbá àtàńpàkò rẹ̀ dànù. Ọ́ìlì yẹn ti bá ríìǹgì dí àlàfo fún ìgbà díẹ̀. Ká ní fáàfù ló ń jò ni, ṣíbí ọ́ìlì kan kò ní yí nǹkan kan padà.

Ríìǹgì ti jẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wá kan owó.

Búlọ́ọ̀kù, písítìnì àti ríìǹgì tó wà nínú páálí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kadà jẹ́ ₦38,000. Èyí tí kò lórúkọ, tó wà nínú ọ̀rá, ₦14,500. Ẹni tó ń tà á sọ pé nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdajì iye yẹn lòun ń ta oríjínà, mo sì gbà á gbọ́, torí pé dọ́là ni wọ́n fi ń kó páàtì wọlé. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 máa fi parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀gẹ́ tí àbúrò mi ń gbé kò fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Owó tí èrò ń san kò fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bú ọlọ́kadà pé kì í ra ojúlówó páàtì, kó kọ́kọ́ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn iye wọ̀nyí.

Èmi ni mo ní ká ra ti ₦14,500. Baba kò jà mí níyàn, ó kàn sọ pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká dán an wò." Ó gba ₦5,000 owó iṣẹ́. Ọ̀kadà ta, ohùn rẹ̀ mọ́, inú gbogbo wa dùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, àwọ̀ aró yẹn tún jáde. Nígbà tí Baba ṣí i, mo wà níbẹ̀. Ó fi ìka mi ra ara inú búlọ́ọ̀kù náà: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha á. Ó mú ríìǹgì, ó tì í sínú búlọ́ọ̀kù, ó fi orí písítìnì tì í wọlé kó lè dúró gún régé, ó sì fi hàn mí bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ó mú ojú ayùn irin, ó kì í bọ àlàfo náà. Ó wọlé, àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ojú ayùn irin nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ. Búlọ́ọ̀kù ọ̀kadà yìí, mìlímítà 53 ni ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Òfin tí àwọn mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé ni pé kí àlàfo ríìǹgì tuntun jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lórí mìlímítà 25 kọ̀ọ̀kan tí ẹnu búlọ́ọ̀kù fẹ̀. Nǹkan bíi 0.2 ló yẹ kí tiwa jẹ́.

Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló mọ ohun tó fà á. Ọjà ọ̀pọ̀ ni. Àbúrò mi wò mí, kò sọ̀rọ̀, ojú sì tì mí. Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn, mo bá ẹni tí wọ́n júwe fún mi pé oríjínà nìkan ló ń tà, mo san ₦41,000 nítorí pé owó rẹ̀ ti tún gun òkè. Mo gbé páálí náà lé itan títí mo fi dé Ìsẹ́yìn. Baba tún gba ₦5,000.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìgbà tí èéfín náà tún yọ, ní ìparí oṣù kejì, mo ṣe ohun tí mo kábàámọ̀ rẹ̀. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi ní Ìbàdàn lórí fóònù, mo pè é lólè. Mo ní ayédèrú ló kó sínú páálí oríjínà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wò ó dáadáa," mo sì pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti ń gbèrò àtigbé ọlọ́pàá lọ bá a.

Baba ló dá mi dúró. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi ariwo sílẹ̀ ná." Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Kì í ju ohun tó bá tú lára ọkọ̀ ẹni nù títí iṣẹ́ yóò fi parí pátápátá, àwọn ríìǹgì wa sì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó to ríìǹgì mẹ́ta sórí rẹ̀: èyí tó bá ọ̀kadà wá láti ilé iṣẹ́, èyí tó wà nínú ọ̀rá, èyí tí mo gbé wá láti Ìbàdàn. Ó fi kẹ́rósìn nù wọ́n, ó ní kí n gbé wọn sójú oòrùn. Ríìǹgì tó jẹ fúnra rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí máa ń dán bíi jígí níbi tó ti ń fara ra búlọ́ọ̀kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dán. Wọ́n ṣú, ara wọn rí bí ìdí ìkòkò tí ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn àti eérú ha. Baba ní, "Ọwọ́ kan náà ló pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó dìde, ó tú róbà tó so kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, mọ́ ilé fíítà tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn, ó ní kí n ki ìka bọ inú rẹ̀. Ìka mi jáde pẹ̀lú nǹkan pípọ́n kan tó rọ̀, bí amọ̀ tí wọ́n fi ọ́ìlì pò. Mo fi àtàńpàkò rà á, ó ń ta mí lọ́wọ́ kíríkírí. Iyanrìn ni. Kò yẹ kí ohunkóhun wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí atẹ́gùn.

Ó ṣí ilé fíítà. Fíítà wà níbẹ̀, fóòmù aláwọ̀ yẹ́lò, kò tiẹ̀ dọ̀tí jù. Ṣùgbọ́n kò kún ilé rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àlàfo tí ọmọ ìka kékeré lè kọjá wà láàárín rẹ̀ àti ògiri ilé fíítà, eruku sì ti fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà. Atẹ́gùn kì í wá wàhálà. Ibi tó bá rọrùn ló ń gbà. Kò gba inú fóòmù kọjá rárá, ìdí nìyẹn tí fóòmù náà fi mọ́.

Mo bi àbúrò mi pé ìgbà wo ló pààrọ̀ fíítà. Kò rántí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé pélébé kan tó máa ń kọ ìnáwó sí nítorí owó tó ń dá padà fún mi, ó sì lọ gbé e wá. Ó wà níbẹ̀, lórí ìlà kan tí bíírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, fíítà, ₦700. Oríjínà rẹ̀ jẹ́ ₦3,500 nígbà náà. Ti tẹ́lẹ̀ ti ya, ó sì ra èyí tó wà lójú ọ̀nà kó má bàa pàdánù ọjọ́ ọjà. Ríìǹgì ilé iṣẹ́ tó ti lo ju ọdún méjì lọ kò lo oṣù kan pé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé nígbà náà, ọyẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé bí ọ̀kadà kan bá kọjá, èèyàn kì í rí ẹni tó wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Iyanrìn le ju irin búlọ́ọ̀kù lọ. Bó bá ti wọ inú ẹ́ńjìnì, tó bá ọ́ìlì pàdé, ó di ohun ìhakòkò láàárín ríìǹgì àti búlọ́ọ̀kù, písítìnì sì ń lọ, ó ń bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò bi ríìǹgì léèrè pé ta ló ṣe ọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀rá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, oríjínà lo mẹ́fà. ₦26,500 tí mo fi kún owó ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló rà fún wa.

Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Búlọ́ọ̀kù méjì tòun ti písítìnì àti ríìǹgì wọn, pẹ̀lú owó iṣẹ́, jẹ́ ₦65,500, láìka owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Àbúrò mi fi ọjọ́ méjìdínlógún jókòó sílé lápapọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíítà méjèèjì jẹ́ ₦2,800.

Kí n tó sùn, mo pe ọkùnrin Ìbàdàn yẹn padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà pè. Àwọn tó kù kì í padà pè." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi.

Ẹni tó bá ti kàwé dé ibí lè rò pé mo fẹ́ sọ pé kéèyàn máa ra oríjínà ní gbogbo ìgbà. Rárá o. Bí a ṣe tún ọ̀kadà náà ṣe nìyí, ẹ ó sì rí i pé oríjínà kékeré ló wà níbẹ̀.

Fíítà la kọ́kọ́ rà, oríjínà, a kò ná an. Ohun tí mo ń sanwó fún lára rẹ̀ ni ìrísí rẹ̀: kó bá ilé rẹ̀ mu régé, kó má ṣẹ́ àlàfo kù níbì kan. Kò sí nọ́ńbà kan tí mo lè wò lára fóòmù olówó pọ́ọ́kú tó máa fi dá mi lójú pé wọ́n gé e dáadáa.

Búlọ́ọ̀kù tuntun ti wọ ₦46,000 nígbà yẹn. A kò rà á. Baba ní irin búlọ́ọ̀kù tí mo gbé wá láti Ìbàdàn ṣì dára, kìkì pé wọ́n ti ha á. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ sí i ní ìdajì mìlímítà, kó di 53.5, kí ìlà gbogbo lè lọ. Wọ́n gba ₦7,000. A wá ra písítìnì àti ríìǹgì tó bá ìwọ̀n tuntun náà mu. Irú méjì ló wà níwájú wa: èyí tó wà nínú ọ̀rá, àti ti ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé písítìnì àti ríìǹgì nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ń ta á lórúkọ ara rẹ̀. Baba yá àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, ó fi ríìǹgì méjèèjì sínú búlọ́ọ̀kù, ó wọ̀n wọ́n níṣojú ẹni tó ń tà á. Ti inú ọ̀rá, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.4. Èkejì jẹ́ 0.2. ₦16,000 la ra èkejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦23,000, ìdajì owó oríjínà gan-an. Ti inú ọ̀rá kò dára tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa ẹ́ńjìnì wa ní oṣù kìíní.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, táyà ẹ̀yìn ń mì. Bẹ́ríǹgì ni. Bẹ́ríǹgì inú páálí ọ̀kadà jẹ́ ₦4,500, àbúrò mi sì ti fẹ́ sanwó, ẹ̀rù fíítà ṣì ń bà á. Mo ní kó dúró. Mo nu èyí tí a yọ, mo kà á: 6202. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni gbogbo ayé ń lò. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 35, ó nípọn ní 11, ì báà jẹ́ India ni wọ́n ti ṣe é tàbí Japan tàbí Jámánì. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe tó: 00 jẹ́ mìlímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17, láti 04 lọ sókè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Bí ẹ bá rí 2RS lẹ́yìn rẹ̀, róbà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì. ZZ jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Fún ẹrẹ̀ àti eruku tiwa, róbà ni kí ẹ mú. Àwọn tó ń ṣe ọ̀kadà kì í ṣe bẹ́ríǹgì fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bẹ́ríǹgì ni, wọ́n sì ń fi sínú páálí tiwọn. A ra 6202-2RS nínú páálí ẹni tó ṣe é, ₦1,800.

Ṣúù bíréèkì, n kò ní fọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. Àbúrò mi ti fìgbà kan ra èyí tí ara rẹ̀ ṣí kúrò lára irin nínú òjò, níbi ìsọ̀kalẹ̀ òkè, tòun tèrò. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Mi ò kì í béèrè iye owó rẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí mo rí lọ́jọ́ yẹn tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Baba, ó ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ bóyá wọ́n ní páálí òfìfo, òun máa rà á, àwọn tí kò ya. Baba lé e jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i pé, kí Baba tó ju páálí páàtì èyíkéyìí nù, ó máa ń fà á ya sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa kó ayédèrú sínú rẹ̀, tó fi mọ́ ti púlọ́ọ̀gì kékeré. Nítorí náà, páálí nìkan kò tó mi í wò mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara irin ni mò ń kà, mo máa ń fi kẹ́rósìn nù ún bóyá ó máa pa rẹ́, mo sì máa ń gbé ti àtijọ́ dání láti fi wé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024 ni ọ̀kadà náà padà sójú ọ̀nà. Ó ti la ọyẹ́ kọjá láti ìgbà náà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni àbúrò mi ń yọ fóòmù náà, á fi kẹ́rósìn fọ̀ ọ́, á fún un gbẹ, á rì í sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó mọ́, á tún fún un kí ọ́ìlì tó pọ̀ jù lè jáde, kó tó dá a padà. Ọ́ìlì tó wà lára fóòmù yẹn ló ń mú eruku dání. Ó ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Sátidé kan nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Kò sí èéfín. Ó gbé ọ̀kadà dúró níwájú mi, ó tú róbà kabúrétọ̀, ó ki ìka rẹ̀ bọ inú ibẹ̀ dé ìdí, ó yọ ọ́ jáde, ó sì na ọwọ́ náà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó." Mo fi àtàńpàkò mi ra ìka rẹ̀. Ó ń yọ̀ díẹ̀ nítorí ọ́ìlì fóòmù, ṣùgbọ́n kò ta mí lọ́wọ́.